Ọkọ̀ Òkun Wo Nìyí? Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ Ipasẹ̀ Ọkọ̀ Inú Fótò Àtijọ́

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ta ọkọ̀ tó ti rì fún Alhájà kan ní Pàkàtà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fótò ni mò ń sọ. Màmá yìí mú fótò pélébé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílọrin. Ọkọ̀ òkun ńlá ló wà nínú rẹ̀, ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ, àwọn èèyàn tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọkọ̀ bí ẹyẹ lórí wáyà. Lẹ́yìn fótò, ẹnì kan ti fi báírò kọ ọ́ pé "Apapa, 1953". Màmá ní ọkọ̀ tí bàbá òun wọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó nìyẹn, kí n bá òun wá èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí n fi férémù sí i. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tẹ "Apapa ship" sórí fóònù, ọkọ̀ arẹwà kan jáde, mo tẹ̀ ẹ́, mo gba owó mi.

Nígbà tó yá, ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ó kí mi dáadáa, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó wá ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sà. Ọkọ̀ tó wà lára ògiri màmá wa yẹn, àwọn Jámánì ti fi bọ́ǹbù rì í ní 1940. Báwo ni bàbá àgbà ṣe wá wọ̀ ọ́ ní 1953?"

Ẹnu mi wọ̀. Mo dá owó màmá padà, mo sì ní kí wọ́n fún mi láyè kí n tún iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tí mo kọ́ nínú ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní irú fótò bẹ́ẹ̀ nínú àpótí. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí a ṣe rò lọ. Kwara ò ní òkun, àmọ́ rélùwéè ti dé Ọ̀fà àti Ìlọrin kí 1908 tó parí, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ọ́fà, Ìdó ló ń sọ̀ sí, láti Ìdó ó di Àpápá, ó di Liverpool.

Ẹ̀yìn fótò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Kí ẹ tó wo ọkọ̀ rárá, ẹ yí fótò dà. Bí ìlà bá pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, tí àyè sítáǹbù sì wà ní igun kan, pósíkáàdì ni. Pósíkáàdì lè jẹ́ èyí tí wọ́n rà nínú ọkọ̀ tàbí létí èbúté. Kì í ṣe dandan pé ẹbí yín ló yà á, kì í sì í ṣe dandan pé ọjọ́ tí bàbá yín wọkọ̀ ni wọ́n yà á. Irú pósíkáàdì onílà àárín bẹ́ẹ̀, ọdún 1902 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè, nítorí náà èyí tó bá ti ní i kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ onífótò lẹ rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àti àdírẹ́sì, àti nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹbí kọ sẹ́yìn, ẹ gbà á gbọ́ díẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ẹ bi í ní ìbéèrè: ṣé orúkọ ọkọ̀ nìyí ni, àbí orúkọ ìlú? Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo? Èmi ò bi í ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀, ẹ ó rí i níwájú.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan tiyín sí i, pẹ́ńsù ni, ní etí, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò máa ń yọ sí ojú fótò tó bá pẹ́.

Wíwo ọkọ̀ gan-an

Fótò tó bá tóbi tó pósíkáàdì, ẹ ṣe síkáànì rẹ̀ ní 600 dpi ó kéré tán (dpi ni iye àmì tí síkáànà ń kà nínú íǹṣì kan). Bó bá jẹ́ orúkọ tó wà lára ọkọ̀ lẹ fẹ́ kà, ẹ gbé e dé 1200. Bí kò bá sí síkáànà, ẹ gbé fótò sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò ní òwúrọ̀, ẹ pa fíláàṣì, ẹ dúró lókè rẹ̀ gan-an kí ẹ tó fi fóònù yà á. Nígbà tó bá ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ fà á tóbi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀. Imú ni orúkọ máa ń wà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìdí ni orúkọ tún wà, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: LIVERPOOL, LONDON, LAGOS. Ẹ ka òpó rẹ̀. Ẹ ka páìpù èéfín rẹ̀, ẹ wò ó bóyá àmì kan wà lára páìpù náà, nítorí pé òun ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ fi ń dá tirẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè, bí àwọn onímọ́tò wa ṣe máa ń kun ọkọ̀ wọn. Imú tó bá dúró gbọọrọ bí ògiri, ọkọ̀ àtijọ́ ló sábà máa ń ní i. Èyí tó bá nà síwájú bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan, ọkọ̀ ẹ̀yìn ìyẹn ni.

Bí gbogbo ara ọkọ̀ bá jẹ́ àwọ̀ eérú láti òkè délẹ̀, tí ìbọn ńlá sì wà ní ìdí rẹ̀, ẹ fura sí ìgbà ogun. Tí ó bá jẹ́ pé bàbá yín bá wọn jà ní Bọ́má, kì í ṣe ọkọ̀ mélì (ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà àti èrò) lẹ máa wá, ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun ni. Dífíṣọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kọjá sí Íńdíà ní 1943, Imperial War Museums ní Lọ́ńdọ̀nù sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo fẹ́ jókòó lé lórí díẹ̀, torí pé òun ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù.

Ọmọ onífótò ni mí. Ọ̀fà ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, inú yàrá òkùnkùn rẹ̀ ni mo dàgbà sí, láàárín òórùn oògùn fótò àti omi tó ń kán. Gílóòbù pupa kan ló máa ń wà ní títàn níbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé bí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, pépà ti bàjẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n iná pupa á tàn sí i lórí títí, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Mo bi bàbá mi. Ó ní, "Pépà yìí ò rí pupa. Lójú tiẹ̀, òkùnkùn ni pupa."

Àwo gíláàsì tí àwọn onífótò ayé ọjọ́un fi ń ya ọkọ̀ náà ò rí pupa. Ohun tó bá pupa lára ọkọ̀, dúdú ló máa jáde. Ohun tó bá jẹ́ yẹ́lò, á ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Búlúù ni ojú rẹ̀ mọ̀ jù, búlúù á sì di funfun. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi ṣófo nínú fótò wọ̀nyẹn bí ẹni pé ìkùukùu ò sí láyé. Nígbà tó yá ni fíìmù tó rí gbogbo àwọ̀ wá gbòde. Fíìmù yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ tan iná pupa sí i, inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Bàbá mi á kàn máa kà á lẹ́nu, "ení, èjì, ẹ̀ta", títí àkókò á fi pé.

Kí ni ìyẹn wá ní í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀? Páìpù èéfín àwọn ọkọ̀ Elder Dempster, iléeṣẹ́ Liverpool tó ń kó lẹ́tà àti èrò láàárín Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, yẹ́lò ni. Nínú fótò tí wọ́n fi àwo gíláàsì yà ní nǹkan bí 1895, páìpù yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Nínú fótò 1955, eérú tó mọ́lẹ̀ ni. Àwọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ má kọ "páìpù dúdú". Ẹ kọ "páìpù tó ṣókùnkùn", kí ẹ sì fi ọjọ́ orí fótò ṣe ìwọ̀n kí ẹ tó dárúkọ àwọ̀ kankan. Èyí tí kò nira ni Aureol, ọkọ̀ mélì Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951: ara rẹ̀ funfun, funfun náà ló sì máa ń jáde.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé etíkun. Ẹ wo ohun tí ọkọ̀ fara tì. Èbúté olómi jíjìn ti Àpápá, 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ọdún 1926 ni wọ́n ṣí i. Bí ọkọ̀ bá fara ti ògiri èbúté níbẹ̀, tí kéréènì tò lẹ́yìn rẹ̀, kò lè jẹ́ fótò 1910. Ní ayé ìṣáájú, yanrìn dí ẹnu ọ̀nà Èkó, àwọn ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, ọ̀pọ̀ èrò ló ní láti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Ẹ lè rí fótò tí wọ́n so àpótí onígi kọ́ ẹ̀rọ, tí èèyàn mẹ́rin jókòó sínú rẹ̀ bí adìyẹ nínú àgò, tí wọ́n ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí ìgbì ń gbé sókè gbé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yára pè é ní Èkó àtijọ́: ní Accra, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ṣì ń kó ẹrù wọ etíkun títí wọ́n fi ṣí èbúté Tema ní 1962.

Tiwa n'íhìn-ín náà wà. Bí ẹ bá rí fótò tí wáágọ̀nù rélùwéè wà lórí ọkọ̀ ojú omi, Jẹ́bbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1909, afárá ò sì parí títí di 1916. Orí omi ni wọ́n ń gbà kọjá ní gbogbo àárín yẹn.

Orúkọ kan, ọkọ̀ mẹ́ta

Ibi tí mo ti já sí kòtò nìyí. Apapa mẹ́ta ni Elder Dempster ní, lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra wọn. Ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ ọ ní 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì í ní 1917. Ti ìkejì jáde ní 1927. Bàálù Jámánì ló ju bọ́ǹbù lù ú ní oṣù Kọkànlá 1940. Ti ìkẹta bẹ̀rẹ̀ ní 1948, òun ló sì ń rìn ní 1953. Èyí tí mo tẹ̀ fún Alhájà, ìkejì ni. Òyìnbó kì í jẹ́ kí orúkọ ọkọ̀ kú. Bí ọ̀kan bá rì, wọ́n á fi sọ òmíràn, bí a ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ kan náà ló máa ń pààrọ̀ orúkọ. Mo ń wá fótò Jẹ́bbà wa yìí, mo tẹ "Jebba", ọkọ̀ tó gun àpáta ló ń yọ sí mi lójú. Ọkọ̀ mélì Elder Dempster kan ló ń jẹ́ Jebba. Albertville ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1907, nínú kùrukùru, ó lọ gun àpáta Bolt Tail ní Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kó gbogbo èèyàn inú rẹ̀ yọ láàyè. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring tó gbé Baikie, òyìnbó tó ń ṣàwárí odò náà, àti Samuel Àjàyí Crowther gun àpáta nínú odò Ọya, lẹ́bàá Jẹ́bbà gan-an. Jẹ́bbà àti àpáta, wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń bára wọn fà.

Ìlọrin pàápàá ti wọ òkun. Ọkọ̀ kékeré Elder Dempster kan ń jẹ́ Ilorin. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì í ní etíkun Gánà ní 1942. Lẹ́yìn náà ni Palm Line, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti UAC, ní Ilorin Palm. Nítorí náà, ẹ fi ọdún tẹ̀lé orúkọ nígbà gbogbo, kí ẹ sì tún fi orúkọ iléeṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. "Apapa" nìkan ò tó. "Apapa 1948 Elder Dempster" ni kí ẹ tẹ̀.

Ibi tí àwọn fótò náà wà

Royal Museums Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù ní fótò ọkọ̀ àti plánì ọkọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ló ra àwo gíláàsì àti nẹ́gẹ́tíìfù ìdílé Gibson ní 2013, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bàbá, ọmọ, ọmọ ọmọ, ọmọ ọmọ ọmọ, iṣẹ́ kan náà: bí ọkọ̀ bá ti rì ní etíkun Cornwall àti erékùṣù Scilly, wọ́n á gbé kámẹ́rà. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, àmọ́ mo ka ara mi mọ́ ẹbí wọn. Maritime Museum ní Liverpool (Merseyside Maritime Museum ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀) ni ẹ máa kọ̀wé sí fún Elder Dempster. Tí ọ̀rọ̀ bá kan UAC àti Palm Line, ilé ìpamọ́ Unilever, iléeṣẹ́ tó ni UAC nígbà náà, ní Port Sunlight nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Fótò ilé iṣẹ́ ìjọba amúnisìn wà ní National Archives ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, nínú àkójọ CO 1069. Wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú ti Áfíríkà sórí Flickr, ìkànnì fótò kan, láti 2011, ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Ní Ọsirélíà, State Library Victoria ní àwo gíláàsì Allan C. Green, ọkùnrin kan tó ń ya ọkọ̀ ní Melbourne. Ẹ má fojú di ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ ẹrù kì í ní ojú ọ̀nà kan.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í rántí ni ọgbà tí wọ́n ti kan ọkọ̀. Ẹni tó kan ọkọ̀ máa ń ya á: nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń tì í sómi, nígbà tó kọ́kọ́ rìn. Fótò wọ̀nyẹn ló máa ń mọ́ jù. Apapa àti Accra tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun, Vickers-Armstrongs ní Barrow, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kàn wọ́n, Dock Museum ní ìlú náà ló sì ń tọ́jú àwo gíláàsì ọgbà yẹn.

Nílé níbí, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba (National Archives) wà, àmọ́ ẹ má ṣe bí tèmi tó kọ́kọ́ lọ sí ti Ìbàdàn. Àríwá ni wọ́n ka ẹkùn Ìlọrin sí nígbà ìjọba amúnisìn, Kàdúná ni ìwé ìjọba rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ Èkó àti èbúté ni kí ẹ gbé lọ sí Ìbàdàn. Ẹ mú lẹ́tà ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo kátálọ́ọ̀gì yìí, bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ ìlú wa nígbà yẹn ni kí ẹ sì ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí "ca." níwájú ọdún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àfojúbù ni. Ẹ da nọ́ńbà fótò kọ kí ẹ tó pa ojú ìwé náà dé. Mo ti pàdánù fótò Forcados (èbúté kan ní Niger Delta) kan tó dára torí pé mo rò pé màá rántí. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ má ròyìn ìtàn ẹbí. Ìlà mẹ́rin tó: orúkọ ọkọ̀, ọdún, ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ béèrè iye owó, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n gbà yín láyè láti tẹ̀ ẹ́ tà, torí pé ẹ̀tọ́ àtiwò yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ àtità.

Ìwé èrò ọkọ̀

Èyí ló parí ẹjọ́ Alhájà. Nígbà tí mo ṣe síkáànì fótò rẹ̀ ní 1200 dpi, orúkọ yọ ní imú ọkọ̀: lẹ́tà márùn-ún, A ló bẹ̀rẹ̀, A ló parí, àárín rẹ̀ rú bí omi àgbàrá. Inú mi dùn. A-P-A-P-A! Mo ti fẹ́ tẹ Apapa 1948 fún wọn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ yẹn náà ló tún ní, "Ọ̀gá, A-C-C-R-A ńkọ́?"

Ẹ gbà mí. Accra àti Apapa, bí ìbejì ni wọ́n, ọdún kan ló wà láàárín wọn, ojú ò lè yà wọ́n. Ìwé ló kù. Kew ní ìwé orúkọ àwọn èrò tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú omi láti 1878 dé 1960, àkójọ BT 26. BT 27 ni ti àwọn tó ń kúrò níbẹ̀, láti 1890. Wọ́n wà lórí ìkànnì Ancestry àti Findmypast, owó ni wọ́n ń gbà, ẹ má san ju oṣù kan lọ. Ẹ má wá orúkọ pátápátá. Ẹ fi ọdún, èbúté Èkó, àti ọjọ́ orí wá a, torí akọ̀wé òyìnbó ò mọ orúkọ wa í kọ: orúkọ bàbá Alhájà tó yẹ kó ní lẹ́tà mẹ́sàn-án, mẹ́fà ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n: télọ̀, láti Èkó, 1953. Lókè ìwé náà, orúkọ ọkọ̀: Accra. "Apapa" tó wà lẹ́yìn fótò, èbúté ni, níbi tó ti wọkọ̀.

Kí ẹ tó gbé e pamọ́

Ẹ má ṣe láámínéètì fótò àtijọ́. Mo ń ṣe láámínéètì tà, mo sì ń sọ ọ́: ẹ má ṣe é. Ooru á jó o, gọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí ẹni tó lè ṣí i mọ́ láéláé. Ẹ má fi itọ́ nù ún, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ tó bá ká lọ́yẹ́. Àpò ìwé ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, kí àpótí rẹ̀ sì jìnnà sí ilẹ̀ nítorí ikán. Bí ẹ bá rí i tó ń dán bíi fàdákà ní etí, fàdákà inú pépà ló ń yọ síta, ẹ má ha á.

Mo gbé fótò Accra tuntun náà lọ fún Alhájà fúnra mi. Ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó fi ìka tọ ihò wíńdò róbótó-róbótó tó tò lára ọkọ̀ náà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, láti ìdí dé imú. Lẹ́yìn náà ló bi mí: "Èwo wá ni ti bàbá mi níbẹ̀?"

Mo ní kí màmá fún mi láyè. Ìwé èrò sọ irú ipò tó sanwó fún, plánì ọkọ̀ á sì sọ ibi tí yàrá irú ipò bẹ́ẹ̀ wà. Lẹ́tà mi ti lọ sí Barrow.